Èèkù Idà àti Ẹni tí Ó Ni Ìbéèrè

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá kankan, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ ní ọjà Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti fìdí kalẹ̀ láti ayé ìjọba amúnisìn. Ṣùgbọ́n ó ti ní ìlò tuntun láti oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey, tí àwọn ọmọ ogun Faransé sì kó ẹrù wọn kúrò ní orílẹ̀-èdè náà kí ọdún ọ̀hún tó parí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba ológun yìí yí orúkọ àwọn òpópónà àti gbàgede kan padà ní ìlú náà: òpópónà tí ó ń jẹ́ orúkọ Charles de Gaulle di ti Djibo Bakary, àwòrán Thomas Sankara ti Burkina Faso sì gba ipò àmì ìrántí Parfait-Louis Monteil, ọ̀gá ológun Faransé tí ó gba ilẹ̀ náà kọjá lọ sí Adágún Chad nínú ìrìn-àjò rẹ̀ láàárín ọdún 1890 sí 1892. Lójú àwọn tí wọ́n ń fi òwe yìí gbe ìgbésẹ̀ náà lẹ́sẹ̀, ọwọ́ ọmọ ti tẹ èèkù idà, ó sì ti tó àkókò láti bèèrè ikú tó pa baba. Wọ́n ní ìdákẹ́ ọgọ́ta ọdún ó lé tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ju ọgbọ́n àgbà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti la ẹnu rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ idà, aláìnírònú ni. Ìlò yìí kò yẹ kí ó kọjá láìsí àtakò, nítorí pé ìtàn Nìjẹ̀r gan-an ni ẹlẹ́rìí tí ó lágbára jù lọ tí ó ta kò ó.

Ohun tí òwe náà ń yàwòrán rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Wọ́n pa baba kan nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, àwọn tí wọ́n pa á ni wọ́n sì wà nípò àṣẹ. Bí ọmọ náà bá bèèrè, àwọn apànìyàn náà yóò gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ bí ìpè ogun, wọn yóò sì fi í tẹ̀lé baba rẹ̀. Nítorí náà ó ní láti dàgbà, kí ó sì di idà mú níbi èèkù, tí í ṣe ibi ìdìmú rẹ̀, kí ó tó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ìmọ̀ràn òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé bíbèèrè ikú ẹni jẹ́ ìfẹ̀sùnkanni, pé ẹ̀sùn tí kò ní agbára lẹ́yìn a máa pa ẹni tí ó fi í kan ènìyàn, àti pé òkú ọmọ kò lè gbẹ̀san baba. Kò sì pàṣẹ ìgbàgbé, ó kàn sún ìbéèrè síwájú ni. Ṣùgbọ́n ó gba àwọn ohun kan ní òtítọ́ láìyẹ̀ wọ́n wò: pé ọmọ náà yóò ṣì mọ ohun tí ó fẹ́ bèèrè nígbà tí ó bá dàgbà, nígbà tí kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ létí rẹ̀ láti kékeré, pé ọwọ́ òun gan-an ni idà náà yóò dé, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò máa sọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀, àti pé ìbéèrè kan náà tí aláìnídà ìbá bèèrè ni ẹni tí ó di idà mú yóò bèèrè. Orí àwọn ìgbàgbọ́ wọ̀nyí ni gbogbo òwe náà dúró lé, orí wọn náà sì ni yóò ti wó.

Ikú tí ó pa baba ní Nìjẹ̀r ní ọdún, ó sì ní orúkọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1899, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí Faransé rán láti gba ilẹ̀ títí dé Adágún Chad gbéra láti etí odò Ọya lábẹ́ àṣẹ Paul Voulet àti igbákejì rẹ̀, Julien Chanoine. Tirailleur ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ ogun náà, ìyẹn àwọn jagunjagun aláwọ̀ dúdú tí Faransé gbà sínú iṣẹ́ ogun ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà; àwọn tí wọ́n sì ru ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi tipátipá kó láti ìlú dé ìlú. Nítorí pé ohun tí wọ́n bá bá lọ́nà ni irú ogun bẹ́ẹ̀ fi ń bọ́ ara rẹ̀, ìlú tí ó bá kọ̀ láti fún wọn ní ọkà, màlúù àti alágbàrù ni wọ́n ń sun. Wọ́n pa ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ní Sansané-Haoussa, lẹ́bàá odò lókè Niamey. Ní oṣù kẹrin wọ́n kọlu Lougou, ìlú àwọn Azna, tí wọ́n jẹ́ Haúsá tí kò fi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀ fún Ìsìláàmù, níbi tí ọba obìnrin kan, Sarraounia Mangou, ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti bá wọn jà kí ó tó kó wọn padà sínú igbó. Ní oṣù karùn-ún wọ́n dé Birni-N'Konni, ìpakúpa tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni ó sì burú jù lọ nínú gbogbo ìrìn-àjò náà.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dé etí ayé ni ó kọ́kọ́ tako òwe. Ọ̀gá ológun kékeré kan tí ń jẹ́ Péteau wà nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì bá wọn rìn títí Voulet fi lé e nítorí pé kò tẹrí ba tó. Nígbà tí wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sí idà kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ni ó jókòó ní oṣù kejì ọdún 1899 tí ó kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí ó sì ka ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́tà yẹn ni ó rìn títí dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Paris, òun ni ó sì mú kí wọ́n pàṣẹ fún Klobb, ọ̀gá ológun tí ipò rẹ̀ ga ju ti Voulet lọ, pé kí ó gbéra ní Timbuktu lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Klobb ń tọ ipasẹ̀ wọn, eérú ìlú àti òkú tí wọ́n so rọ̀ sórí igi sì ni ó ń júwe ọ̀nà fún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, ó bá wọn ní Dankori, Voulet sì ní kí wọ́n yìnbọn pa á. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí i, àwọn tirailleur yí ìbọn padà sí Chanoine àti Voulet fúnra wọn, wọ́n sì pa wọ́n nítòsí Maijirgui. Péteau kì í ṣe aláìlẹ́bi, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹni tí kò ní àṣẹ mọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ òpin ìrìn-àjò Voulet, kì í ṣe idà ẹnikẹ́ni.

Ìjọba Faransé ní idà, ó sì ní ilé ẹjọ́ àti àkọsílẹ̀. Nígbà tí ó wá bèèrè, ohun tí ó bèèrè ni bí ó ṣe jẹ́ tí ọ̀gá ológun Faransé kan fi pa ọ̀gá ológun Faransé mìíràn. Ìwádìí náà parí sí pé ooru ilẹ̀ Áfíríkà ni ó da orí àwọn méjèèjì rú. Ó sì bá gbogbo ènìyàn tí ó wà nípò lára mu bẹ́ẹ̀, nítorí pé baba Chanoine ti ṣe mínísítà ogun ní ọdún 1898, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ìtìjú kún ìtìjú. Aṣòfin kan, Paul Vigné d'Octon, gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n pa ní Áfíríkà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀, kò sì rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà kò dúró: ó lọ síwájú lábẹ́ àwọn ọ̀gá tuntun, ó sì gba Zinder kí ọdún 1899 tó parí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọwọ́ tí ó tẹ èèkù idà ni ọwọ́ tí ó lè bèèrè ikú dáadáa, ìwádìí yìí ni kí ó kọ́kọ́ kà.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ní láti yàn. Ní Dosso, Aouta, tí ó di Zarmakoy, ìyẹn ọba àwọn Zarma ibẹ̀, wo ogun tí ó ti yí ìlú rẹ̀ ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fara mọ́ Faransé. Ìlú rẹ̀ kò jóná, agbára oyè náà sì gbòòrò sí i lábẹ́ ìjọba tuntun. Òun ni ó tẹ̀lé òwe náà jù lọ, kò sì yẹ kí a fi ẹnu gbáà kàn án ní ọ̀dàlẹ̀, nítorí pé ìwàláàyè àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú ìpinnu náà. Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Alfa Saibou, àlùfáà afọ́jú, kó àwọn ará abúlé Zarma jọ ní Kobkitanda ní ìparí ọdún 1905. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun wọn, ó sá kọjá sí ìhà Sokoto, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n gbógun ti Gẹ̀ẹ́sì ní Satiru ní ọdún 1906, ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì pa run. Kaocen àti àwọn Tuareg rẹ̀ dó ti Agadez láti ìparí ọdún 1916 títí di oṣù kẹta ọdún 1917, àwọn Faransé sì gbẹ̀san lára àwọn àlùfáà ìlú náà lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ohun tí òwe sọ ṣẹ sí wọn lára: wọ́n bèèrè ní àìtó àkókò, wọ́n sì kú. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Niamey ní lónìí láti fi mọ̀ pé ikú kan ti pa baba wọn, ọ̀dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí ni ó ti wá. Oyè Sarraounia kò parun ní Lougou, àwọn tí wọ́n ń pa ìtàn mọ́ níbẹ̀ kò sì dẹ́kun sísọ ọ́. Nígbà tí Abdoulaye Mamani, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Sawaba tí ó ti gbé ní ìgbèkùn, kọ ìwé ìtàn-àròsọ lórí ọba obìnrin náà ní ọdún 1980, tí Med Hondo sì fi ṣe fíìmù ní ọdún 1986, ẹnu àwọn aláìnídà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ká ní gbogbo wọn ti gba ìmọ̀ràn òwe náà, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ èèkù idà ní ọdún 2023 kì bá mọ̀ pé baba òun kò kú ikú Ọlọ́run.

Kì í ṣe Nìjẹ̀r nìkan ni ìtàn ti rí báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀dó sí Jamestown ní Virginia ní ọdún 1607, àti àwọn tí wọ́n dá ìlú mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn wọn ní etíkun Amẹ́ríkà, ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn di ọ̀tá ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìbọn kò kọ́kọ́ dún. Láti ọdún 1765, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ London gbé owó orí lé ìwé àti àkọsílẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn wọn, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé àtakò, tí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ akọ̀wé sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú láti ọdún 1772, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Lexington ní ọdún 1775. Ìbéèrè wọn ni ó bí ogun náà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ìtàn yìí ni ó wúlò jù fún ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀. Ní Boston, ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, ní oṣù kìíní ọdún 1773, ẹrú kan tí ó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú orúkọ Felix bẹ gómìnà àti àwọn aṣòfin ní orúkọ àwọn ẹrú ìlú náà pé kí wọ́n wo ọ̀ràn àwọn. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé London fẹ́ sọ àwọn di ẹrú kò dá a lóhùn. Nígbà tí ọwọ́ wọn wá tẹ èèkù idà, ikú baba tiwọn nìkan ni wọ́n bèèrè. Ilé ẹjọ́ ni Elizabeth Freeman, obìnrin kan tí ó jẹ́ ẹrú, gbà lọ ní Massachusetts ní ọdún 1781 láti bèèrè òmìnira tirẹ̀, ó sì rí i gbà láìní idà kankan. Ẹni tí ó di idà mú kì í gbọ́ ju ìbéèrè tirẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn Djibo Bakary, tí òpópónà Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, ni ó fi èyí hàn jù lọ. Bakary jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Sawaba, ìyẹn Ìdẹ̀ra. Wọ́n yàn án ní maire, olórí ìgbìmọ̀ ìlú Niamey, ní ọdún 1956, ó sì di olórí ìgbìmọ̀ ìjọba ilẹ̀ náà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1958, de Gaulle ní kí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé ní Áfíríkà dìbò lórí òfin tuntun kan: ẹni tí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wà nínú àwùjọ kan pẹ̀lú Faransé, ẹni tí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gba òmìnira lójú ẹsẹ̀, yóò sì pàdánù ìrànlọ́wọ́. Bakary ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò ní ọmọ ogun, kò ní owó, kò sì tíì ní orílẹ̀-èdè. Gómìnà tuntun kan, Colombani, fi agbára ìjọba ti àwọn tí wọ́n ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba ilẹ̀ náà, tí Faransé ń san owó oṣù fún, sì fi Bakary sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ ni ó jáde dìbò, èsì tí ìjọba sì kéde ni pé ìdá 78 nínú wọn gbà pẹ̀lú Faransé. Gínì nìkan ni ó kọ̀ nínú gbogbo àwọn ilẹ̀ náà. Kí ọdún 1958 tó parí, ìjọba Bakary ti ṣubú. Ní ọdún 1959 wọ́n fòfin de Sawaba. Hamani Diori, tí ó bá Faransé ṣe, ni ó sì gba òmìnira ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1960.

Ìdájọ́ òwe lórí Bakary rọrùn: ó bèèrè kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ èèkù, ó sì di alárìnkiri. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kò bá òwe mu mọ́. Ọwọ́ ọmọ Nìjẹ̀r tẹ èèkù idà ní ọdún 1960, ó ní ọmọ ogun, ó ní àsíá, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ikú Birni-N'Konni. Ó tún tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1974, nígbà tí Seyni Kountché àti àwọn ológun lé Diori kúrò. Bakary padà sílé láti ìgbèkùn, àwọn ológun tí wọ́n ní idà sì tì í mọ́lé ní ọdún 1975. Idà ti wà lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí ó fẹ́ fi bèèrè.

Nísinsìnyí tí àwọn ológun mìíràn ti fi orúkọ Bakary sí òpópónà, ó yẹ kí inú ẹni tí ó fẹ́ràn òtítọ́ dùn dé ìwọ̀n kan, nítorí pé orúkọ náà dára ju èyí tí ó gba ipò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n mú Moussa Tchangari, gbajúmọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Niamey tí ó máa ń bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká, wọ́n sì fi olórí wọn, Abdourahamane Tiani, jẹ ààrẹ fún ọdún márùn-ún. Ìjọba tí ó fi orúkọ olórí Sawaba ṣe òpópónà lọ́ṣọ̀ọ́ ti ṣe sí gbogbo ẹgbẹ́ ohun tí ìjọba ọdún 1959 ṣe sí Sawaba. Bí Bakary bá wà láàyè, kì bá lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀ràn náà dùn jù lọ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú tí Voulet kọjá nínú wọn ti gbé ẹjọ́ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé, tí wọ́n ní kí Faransé jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe ní ọdún 1899, kí ó sì ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ohun ìjà wọn. Ní ọdún 2025, Faransé fèsì pé òun ṣe tán láti bá ìjọba Nìjẹ̀r jíròrò, láìgba ẹ̀bi kankan. Èsì tí kò tó ni, ṣùgbọ́n ìwé àwọn aláìnídà ni ó fà á jáde, èyí tí ìjọba kankan tí ó ní ọmọ ogun kò ṣe láti ọdún 1960.

Òwe yìí lè wà fún ọmọ tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó fi ra ọjọ́ kan sí i láyé, kò sì sí ẹni tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ ọ́ di òfin fún odidi ìlú, ohun tí ó ń sọ ni pé agbára ni ó ni òtítọ́, pé ẹni tí kò lágbára kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó pa á lẹ́bí, àti pé ẹni tí ó bá di idà mú lónìí ni ó ni gbogbo òkú àná. Yorùbá ní òwe mìíràn tí ó yẹ kí wọ́n fi dá èyí lóhùn, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò sì yẹ kí àgbà tí ó mọ èkejì máa fi èkínní nìkan kọ́ ọmọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ìbéèrè rẹ̀ ti ọwọ́ idà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ìdí tí òun fi ń wá idà, òun náà ni ó sì ń fi hàn bóyá ẹni tí ó gbà á yẹ láti dì í mú. Ẹni tí ó bá dúró de idà kí ó tó bèèrè, ẹni tí ó bá gba idà náà ni yóò bá a yan baba tí wọn yóò bèèrè ikú rẹ̀.